Thomas Birch Freeman, Olùṣọ́gbà tí ó di Oníwàásù

Orúkọ Freeman kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tí ó ti ka ìtàn bí ìsìn Kristi ṣe wọ ilẹ̀ Yorùbá. Gbogbo wa mọ̀ pé òun ni ó gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì ní ọdún 1842. Ohun tí a kì í sábà sọ ni pé iṣẹ́ ọgbà ni ó ń ṣe jẹun kí ó tó di oníwàásù, àti pé kò fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ títí ọjọ́ ogbó rẹ̀. Nígbà tí ó jẹ́ pé iṣẹ́ ọgbà wà lára ohun tí a ó lọ kọ́ àwọn ọmọ, a rò pé ó yẹ kí a gbọ́ ìhà yìí nínú ìtàn rẹ̀.

A bí i ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá ọdún 1809 ní Twyford, ìletò kan lẹ́bàá Winchester ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ Áfíríkà ni baba rẹ̀, ọmọ Gẹ̀ẹ́sì ni ìyá rẹ̀. Ó kọ́ iṣẹ́ ọgbà, ó sì gòkè nínú rẹ̀ títí ó fi di olórí olùṣọ́gbà fún ọlọ́lá kan, Sir Robert Harland, ní Orwell Park nítòsí Ipswich.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ipò kékeré ni èyí. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ewé ọ̀pọ̀ igi a máa rẹ̀ dànù nígbà òtútù, ìgbà náà gan-an ni a sì ń gé púpọ̀ nínú ẹ̀ka tí a ó gbìn. Nítorí náà, olùṣọ́gbà ní láti mọ igi nípa èèpo rẹ̀, nípa ojú ara ọ̀pá rẹ̀, àti nípa òórùn rẹ̀, láìrí ewé kan ṣoṣo. Bí ó bá ṣì í mú, yóò máa bomi rin ohun tí kò fẹ́ fún oṣù púpọ̀ kí ó tó mọ̀.

Àwa tí a ti Òdò-Ọwá wá kò lè sọ pé a kò mọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Àwọn baba wa ń fi pèrègún pa ààlà ilẹ̀, wọ́n ń fi lápálápá àti ìyeyè ṣe ọgbà yí ilé ká, wọ́n sì ń ri ọ̀pá ọdán mọ́lẹ̀ kí ó lè di ibòji. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí a ní láti wá irúgbìn rẹ̀ kiri. Àwọn àgbà kì í sì í ṣì wọ́n mọ̀. Ẹni tí ó bá já ewé ọdán yóò rí oje funfun bí wàrà. Ewé ìyeyè a máa tò sí ìhà méjì lára ọ̀pá kan. Ewé akòko a máa dán, etí rẹ̀ a sì rí bí eyín ayùn. Ẹ̀ka tí a ó gé kò gbọdọ̀ rọ̀ bí ọ̀mùnú, kò sì gbọdọ̀ gbó jù. A ó fi ọ̀bẹ mímú gé e ní ìsàlẹ̀ ojú kan, a ó já ewé rẹ̀ dànù, nítorí ojú ewé ni omi ń gbà jáde kúrò lára ẹ̀ka tí kò tí ì ní gbòǹgbò, a ó sì rì í sínú ilẹ̀ tútù ní ìbẹ̀rẹ̀ òjò, ìdí rẹ̀ ní ìsàlẹ̀, orí rẹ̀ ní òkè. Ẹ̀yin tí ẹ ti kó ọmọ kíláàsì kejì lọ sí oko ilé ìwé rí mọ ìdí tí a fi tẹnu mọ́ gbólóhùn ìkẹyìn yìí. Gbogbo igi kọ́ ni ó sì ń gbà bẹ́ẹ̀: ọ̀pẹ kò ní ẹ̀ka tí a lè gé gbìn, irúgbìn nìkan ni tirẹ̀.

Irú ìmọ̀ yìí ni Freeman ní nígbà tí ó darapọ̀ mọ́ ìjọ Mẹ́tọ́díìsì. Nítorí èyí ni ipò rẹ̀ ní Orwell Park fi bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó fi ara rẹ̀ fún iṣẹ́ òkè òkun, òun àti Elizabeth ìyàwó rẹ̀ sì gúnlẹ̀ sí Cape Coast, ní ilẹ̀ tí a ń pè ní Gánà lónìí, ní ọjọ́ 3 oṣù Kìíní ọdún 1838. Gbogbo òyìnbó oníwàásù Mẹ́tọ́díìsì tí ó ṣáájú rẹ̀ dé ibẹ̀ ni ó ti kú. Kò pẹ́ ọ̀sẹ̀ mélòó kan tí ìyàwó rẹ̀ náà fi kú.

Síbẹ̀ kò padà. Ní ọdún 1839 ó dé Kùmásí, olú-ìlú Aṣáńtì. Nínú ìwé ìrìn àjò rẹ̀, tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 1844, ẹni tí ó bá kà á yóò rí i pé bí ó ti ń ka àwọn ìlú àti àwọn ọba ni ó ń wo igi àti òdòdó ẹ̀bá ọ̀nà. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 1842, òun àti William de Graft dé Àgbádárìgì, níbi tí wọ́n ti wàásù lábẹ́ igi ńlá kan tí a ń pè ní Agia. Igi náà wó ní ọdún 1959, òpó ìrántí sì wà níbẹ̀. Ní oṣù Kejìlá ó dé Abẹ́òkúta, Ṣódẹkẹ́ sì gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ó lọ bẹ Gẹ́zò, ọba Dàhòmì, wò.

Ó ń kọ̀wé sí Sir William Hooker, olórí ọgbà ńlá ti Kew ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó sì ń fi ọ̀gbìn ilẹ̀ Áfíríkà ránṣẹ́ sí i. Ní ayé ọkọ̀ onígbòkun, omi iyọ̀ a máa pa ọ̀gbìn tútù kí ó tó gúnlẹ̀, títí Dókítà Nathaniel Ward ti London fi ṣe àpótí onígíláàsì tí a dé pinpin, tí omi tí ewé ń mí jáde ń padà kán sí ilẹ̀ inú rẹ̀.

Oko tí ó fẹ́ràn jù ni Beulah, tí kò jìnnà sí Cape Coast. Kọfí wà níbẹ̀, àjàrà wà níbẹ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì ń fi ìwé àti ọkọ́ kọ́ iṣẹ́ pọ̀. Ibí ni wàhálà ti dé. Àwọn ilé ìsìn, ilé ìwé àti oko ń jẹ owó ju èyí tí ìgbìmọ̀ London fi ránṣẹ́ lọ, Freeman kò sì jẹ́ ẹni tí ń ṣírò owó dáadáa. Ní ọdún 1857 ó fi ipò rẹ̀ sílẹ̀. Ní tiwa, a kò lè dá ìgbìmọ̀ lẹ́bi pé ó béèrè owó ìjọ. Ṣùgbọ́n kọfí kì í so kí ó tó pé ọdún mẹ́ta tàbí mẹ́rin, a kò sì lè fi èrè ọdún kan díwọ̀n irú oko bẹ́ẹ̀.

Ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe alákòóso ẹkùn Accra títí di ọdún 1860. Lẹ́yìn èyí ó ń dáko tirẹ̀, òun àti Rebecca, ìyàwó rẹ̀ ọmọ Fántì, pẹ̀lú àwọn ọmọ wọn. Ní ọdún 1873 ìjọ tún gbà á padà sí iṣẹ́ ìwàásù, nígbà tí ó ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó ṣe é títí agbára rẹ̀ fi tán, ó sì kú ní Accra ní ọjọ́ 12 oṣù Kẹjọ ọdún 1890.