Daniel Bernoulli, ọkùnrin tó fi ìṣirò wá ìdí Ṣọ̀pọ̀nná

Ẹni tí mo fẹ́ sọ ìtàn rẹ̀ lónìí kì í ṣe ọmọ Yewa, àmọ́ ọ̀rọ̀ rẹ̀ kàn wá gbọ̀ngbọ̀n ní Ìlaró àti Ayétòrò.

Ìlú Groningen ní Netherlands ni wọ́n ti bí Daniel Bernoulli lọ́dún 1700, ṣùgbọ́n Basel ní Switzerland ló ti dàgbà. Ọ̀gá nínú ìṣirò ni Johann, bàbá rẹ̀, síbẹ̀ ó fẹ́ kí ọmọ rẹ̀ ṣòwò. Daniel kọ̀. Ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn, ó gboyè dókítà ní 1721, àmọ́ ìṣirò ò kúrò lọ́kàn rẹ̀. Nígbà tí òun àti bàbá rẹ̀ jọ pín ẹ̀bùn Akadẹ́mì Paris ní 1734, inú bí bàbá débi pé ó lé e kúrò nílé. Ẹ gbọ́ ná, kí bàbá máa jowú ọmọ!

Iṣẹ́ tó gbé lọ síwájú Akadẹ́mì yìí ní 1760 ló jẹ́ kí n fẹ́ràn rẹ̀. Ó dá lórí ṣọ̀pọ̀nná, àrùn tí àwọn àgbà wa kì í fẹ́ dárúkọ, tí wọ́n ń pè ní Olóde. Nǹkan méjì ló gbé iṣẹ́ náà lé. Èkíní, kò sẹ́ni tó mọ ilé tí àrùn náà máa yà. Èkejì, ara kì í gbàgbé: ẹni tó bá mú tí kò pa, kì í tún mú un mọ́. Ẹni tí ejò bá ti bù jẹ rí, tó bá rí ekòló, á sá.

Ó wá ṣírò rẹ̀. Lọ́dọọdún, 1 nínú ènìyàn 8 tí kò tíì ní in rí ló máa kó o. 1 nínú 8 tó bá sì kó o ló máa kú. Láyé ìgbà yẹn, wọ́n máa ń sín gbẹ́rẹ́ fún ọmọ, wọ́n á fi ọyún ẹni tó ń ṣàìsàn náà díẹ̀ sí i, kí ara lè dá àrùn mọ̀. Ọgbọ́n yìí ò ṣàjèjì nílẹ̀ Áfíríkà: Onesimus, ẹrú tí wọ́n kó láti Áfíríkà, ló ṣàlàyé rẹ̀ fún ọ̀gá rẹ̀ ní Boston ṣáájú 1721. Bernoulli ní tí gbogbo ọmọ bá gbà á láìséwu, ìpíndọ́gba ọjọ́ ayé máa kúrò ní ọdún 26 àti oṣù 7, á di ọdún 29 àti oṣù 9. Tí gbẹ́rẹ́ náà bá tiẹ̀ pa 1 nínú 200, èrè yẹn ò ní fi oṣù 2 dín.

D'Alembert, onímọ̀ ìṣirò bíi tiẹ̀, ta kò ó: òní ni ewu gbẹ́rẹ́ wà, iwájú ni èrè rẹ̀ wà. Òbí wo ló fẹ́ fi ọmọ ọwọ́ ta tẹ́tẹ́?

Irú ọ̀rọ̀ yìí ni mo ń gbọ́ lẹ́nu àwọn abiyamọ kan lọ́jà Ìlaró tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ àjẹsára èéyi. Mi ò bú wọn, ìfẹ́ ọmọ ló ń bà wọ́n lẹ́rù. Ṣùgbọ́n ohun tí Bernoulli fi hàn ni pé ẹni tó kọ̀ náà ti ta tẹ́tẹ́, tiẹ̀ ló sì léwu jù. Abẹ́rẹ́ òde òní sì dáa ju gbẹ́rẹ́ ayé ìgbà yẹn lọ fíìfíì.

Bernoulli kú ní Basel ní 1782. Kò fẹ́yàwó, kò rí òpin ogun náà. Ní 1980 ni Àjọ Ìlera Àgbáyé kéde pé ṣọ̀pọ̀nná ti kásẹ̀ nílẹ̀ láyé. Ẹ̀yin òbí wẹ́wẹ́, kẹ́ ẹ tó sọ pé ẹ ò gba abẹ́rẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ewu méjèèjì.