Ìtàn Mary Slessor àti Àwọn Ìbejì

Ní ìlú Aberdeen, ní ilẹ̀ Scotland, ni a gbé bí Mary Slessor, ní oṣù December ọdún 1848. Aránbàtà ni bàbá rẹ̀, ọtí ni ó sì ba ayé rẹ̀ jẹ́. Nítorí náà ni Mary fi bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ilé ìhunṣọ ní Dundee láti ọmọ ọdún 11. Ní 1876 ó dé Calabar.

Èèwọ̀ ni ìbejì ní ilẹ̀ náà. Wọ́n gbà pé ẹ̀mí búburú ni bàbá ọ̀kan nínú wọn. Bí a kò sì ti mọ èyí tí í ṣe, a ó ki méjèèjì sínú ìkòkò, a ó gbé wọn jù sínú igbó, a ó sì lé ìyá wọn jáde. Kí àwa ará Oǹdó má ṣe fi wọ́n rẹ́rìn-ín o: ìtàn àwọn baba wa ni pé nítorí ìbejì ni Púpùpú, obìnrin tí ó kọ́kọ́ jọba wa, fi kúrò ní ààfin bàbá rẹ̀.

Mary a máa wọ inú igbó lọ gbé àwọn ọmọ náà, a sì máa tọ́ wọn nílé ara rẹ̀. Janie, tí í ṣe ìbejì, di ọmọ rẹ̀ pátápátá. Lójú tèmi, ohun tí ó ṣòro jù ni pé ó gba àwọn ìyá wọn pẹ̀lú, nígbà tí ọkọ àti ará ń sá fún wọn.

Ní 1888 ó lọ sí Okoyong. Ní 1892 ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi í ṣe aṣojú wọn níbẹ̀, ó sì ń dá ẹjọ́. Ó kú ní Use ní January 1915. Calabar ni a sin ín sí.