Ernst Chladni: Ẹni tí Ó Jẹ́ Kí Ojú Rí Ìró

Lójú ewé yìí, a fẹ́ sọ ìtàn ọkùnrin tí wọ́n ń pè ní bàbá ìmọ̀ ìró.

Wittenberg, ní ilẹ̀ Jámánì, ni wọ́n bí Ernst Chladni sí ní 1756. Ọ̀jọ̀gbọ́n òfin ni bàbá rẹ̀, òfin náà ni ó sì fi dandan lé e pé kí ó kà. Ó kà á tán ní Leipzig ní 1782, ọdún náà ni bàbá rẹ̀ kú. Chladni pa òfin tì, ó gbájú mọ́ ìró.

Ó mú àwo pẹlẹbẹ, ó da iyanrìn lé e, ó sì fi irú ọrun tí a fi ń ta gòjé fa etí rẹ̀. Iyanrìn sá kúrò níbi tí àwo ti ń mì, ó kóra jọ síbi tí kò mì, ó di àwòrán. Ó gbé àwọn àwòrán náà jáde nínú ìwé ní 1787.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìlù ṣe àpẹẹrẹ. Bí wọ́n bá lù ú ní Aklampa wa, awọ rẹ̀ ń lọ sókè sódò, ìgbì sì ń gba ojú awọ kọjá. Ìmìtìtì náà dábùú ọ̀nà tí ìgbì ń tọ̀. Ìgbì ìbú nìyẹn. Afẹ́fẹ́ tí ó gbé ìró náà dé etí wa kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Síwá sẹ́yìn ni ó ń sún lójú ọ̀nà ìgbì, ibì kan fún pọ̀, ibì kan tú ká. Ìgbì òòró nìyẹn. Òun ni ó ń gbé ohùn èdè wa. Bí afẹ́fẹ́ bá ṣe ń fún pọ̀ lemọ́lemọ́ tó ni etí fi ń mọ ọkọ́ yàtọ̀ sí ọkọ̀.

Chladni fi hàn pé ọ̀pá irin kan lè ṣe méjèèjì. Bí a bá fi ọrun fà á dábùú, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀. Bí a bá fi aṣọ tútù fà á lóròó, ohùn náà ròkè gan-an. Nípa ohùn kejì yìí ni ó fi ṣírò eré tí ìró ń sá nínú irin. Lónìí a mọ̀ pé ó tó nǹkan bí mítà 5,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, nígbà tí ti afẹ́fẹ́ jẹ́ nǹkan bí 340.

Síbẹ̀, kò rí iṣẹ́ olùkọ́ yunifásítì ṣe títí ó fi kú. Ó ń kó àwọn ohun èlò orin tí ó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe láti ìlú dé ìlú, ó ń fi ìró han àwọn èèyàn, ohun tí wọ́n bá san ni ó ń jẹ. Ní Paris, Napoleon rí iṣẹ́ rẹ̀, ó sì fún un ní 6,000 faransi kí ìwé rẹ̀ lè jáde ní èdè Faransé. Ó jáde ní 1809. Wọ́n tún gbé ẹ̀bùn kalẹ̀ fún ẹni tí yóò fi ìṣirò ṣàlàyé àwòrán iyanrìn náà. Obìnrin kan, Sophie Germain, ni ó gbà á ní 1816. Chladni kú ní Breslau ní 1827, lẹ́ni 70 ọdún.

Ọ̀pọ̀ wa ni ilé ń bi pé kí ni a fẹ́ fi ẹ̀kọ́ èdè jẹ. Ẹ rántí ọkùnrin yìí nígbà tí ẹ bá ń wo ilà ohùn lórí kọ̀ǹpútà: iyanrìn ni ó fi bẹ̀rẹ̀.