Ṣòkòtò péńpé Tai Solarin

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ mi, ẹ wo Tai Solarin, ọmọ Ìkẹ́nnẹ́. Ṣòkòtò péńpé àti fìlà ni baba yìí ń wọ̀ kiri. Nígbà tí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn dá wàhálà sílẹ̀ ní Molusi College, níbi tó ti jẹ́ ọ̀gá, ó fi ipò náà sílẹ̀. Òun àti Sheila ìyàwó rẹ̀ dá Mayflower sílẹ̀ ní 1956. Àwọn ọmọ ibẹ̀ ń kàwé, wọ́n sì ń roko. Ní 1984, ìjọba ológun tì í mọ́lé torí ohun tó ń kọ. Kò tìtorí ẹ̀ panu mọ́. Ó kú ní 1994.

Èmi tí mo ka ìwé òfin mọ̀ pé òfin fún wa lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ tinú wa. Àmọ́ ẹ̀tọ́ tẹ́ ò bá lò lórí nǹkan kékeré lójoojúmọ́, ẹ ò ní rántí ẹ̀ lọ́jọ́ ńlá.