HERZEKIAH ANDREW SHANU: AYÀWÒRÁN ỌMỌ Ọ̀TÀ NÍ ILẸ̀ KÓŃGÒ

Bí a bá ń ka àwọn ọmọ Yorùbá tí wọ́n kọ́kọ́ fi iṣẹ́ àwòrán yíyà gba orúkọ lẹ́yìn odi, a kò ní yọ Herzekiah Andrew Shanu sílẹ̀. Ìlú Ọ̀tà ni a ti bí i ní ọdún 1858. Lẹ́yìn tí ó kàwé ní Èkó, iṣẹ́ olùkọ́ ni ó kọ́kọ́ ṣe. Ní ọdún 1884, ó bọ́ sábẹ́ àwọn aṣojú Leopold Kejì, ọba Bẹ́ljíọ̀mù, tí ó sọ ilẹ̀ Kóńgò di ohun ìní ara rẹ̀ ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Shanu bá wọn wá ọmọ ogun láti ilẹ̀ rẹ̀, ó sì di akọ̀wé àti ògbufọ̀ ní Bómà.

Ní ọdún 1893, ó fi iṣẹ́ ìjọba sílẹ̀, ó sì dá òwò tirẹ̀ sílẹ̀. Ó ní ìsọ̀ ńlá, ilé ìránṣọ, ilé ìfọṣọ, àti ilé àlejò ní Bómà àti Mátádì. Ó tún ń ya àwòrán. Ìwé ìròyìn Le Congo illustré ti Bẹ́ljíọ̀mù sì gbé díẹ̀ nínú wọn jáde.

Iṣẹ́ ńlá ni iṣẹ́ yìí láyé ìgbà náà. Dígí tí a fi gẹlatíìnì àti èròjà fàdákà kùn lójú ni ọ̀pọ̀ ayàwòrán ń lò. Inú òkùnkùn, lábẹ́ iná pupa, ni wọ́n ti ń fi omi oògùn fọ̀ ọ́ kí àwòrán tó yọ. Ohun funfun a sì hàn ní dúdú. Lẹ́yìn èyí ni wọ́n máa ń gbé dígí náà lé bébà tí oògùn wà lára rẹ̀, kí ìmọ́lẹ̀ lè dá ohun gbogbo padà sí àwọ̀ rẹ̀. Ní ilẹ̀ olóoru, bí omi bá gbóná jù, gẹlatíìnì a rọ̀, iṣẹ́ a sì bàjẹ́.

Àwọn aláṣẹ fi oyè ẹ̀yẹ dá Shanu lọ́lá. Ṣùgbọ́n ìyà tí wọ́n fi ń jẹ àwọn òṣìṣẹ́ láti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà kò fi í lọ́kàn balẹ̀. Ní ọdún 1903, ó tú àṣírí náà fún Roger Casement, aṣojú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì. Lẹ́yìn náà ni ó ń fi àkọsílẹ̀ ránṣẹ́ sí Edmund Morel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọ̀kan nínú wọn ni ti ẹjọ́ Charles Caudron, tí a fi ẹ̀sùn ìpànìyàn kàn. Ìdájọ́ náà fi hàn pé àwọn ọ̀gá mọ ohun tí ó ń lọ.

Níkẹyìn, àṣírí Shanu tú. Wọ́n gba àmì ẹ̀yẹ rẹ̀ padà, wọ́n sì pàṣẹ pé kí òṣìṣẹ́ ìjọba kankan má ṣe bá a ná ọjà mọ́. Òwò rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1905, ó fọwọ́ ara rẹ̀ gba ẹ̀mí ara rẹ̀. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, ní ọdún 1908, a gba Kóńgò kúrò lọ́wọ́ Leopold.

Òótọ́ korò. Ẹni tí ó bá àwọn amúnisìn wá ọmọ ogun ni ó padà wá tú àṣírí wọn. Ó yẹ kí akẹ́kọ̀ọ́ mọ ìhà méjèèjì nínú ìtàn rẹ̀.