Frantz Fanon (1925–1961): Dókítà Tí Ó Tọ́jú Tọ̀tún-Tòsì

Ìlú Fort-de-France, ní erékùṣù Martinique, ni a ti bí Frantz Fanon ní ọjọ́ 20 oṣù Keje, ọdún 1925. Ó jagun nínú Ogun Àgbáyé Kejì, ó sì fara gba ọgbẹ́ ní ilẹ̀ Faransé. Lẹ́yìn ogun, ó kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní Lyon, ó sì di dókítà àrùn ọpọlọ.

Ní ilé ìwòsàn Saint-Alban, ó ṣiṣẹ́ lábẹ́ François Tosquelles. Níbẹ̀ ni ó ti kọ́ pé ilé ìwòsàn fúnra rẹ̀ nílò ìtọ́jú kí aláìsàn tó lè sàn nínú rẹ̀. Dókítà, nọ́ọ̀sì àti aláìsàn a máa jókòó papọ̀ láti sọ̀rọ̀.

Ẹ̀kọ́ yìí ni ó gbé dé ilé ìwòsàn Blida, ní Àlgéríà, ní ọdún 1953. Ó dá ìpàdé, ìwé ìròyìn àti ilé kọfí sílẹ̀ fún àwọn aláìsàn. Ní ọdún 1954, ogun òmìnira bẹ́ sílẹ̀. Àwọn tí a ti dá lóró ń wá sọ́dọ̀ rẹ̀. Àwọn ọlọ́pàá tí ń dáni lóró náà wá, nítorí ọkàn wọn kò balẹ̀ mọ́. Etí kan náà ni ó fi gbọ́ ẹkún àwọn méjèèjì.

Nígbà tí ó yá, ó rí i pé òun kò lè máa tún ọkàn ṣe níbi tí ìjọba ti ń bà á jẹ́. Ó kọ̀wé fipò sílẹ̀ ní ìparí ọdún 1956. A sì lé e kúrò ní ìlú ní ọdún 1957. Ní Tunis, ó dá ibi ìtọ́jú ojoojúmọ́ sílẹ̀, níbi tí aláìsàn ti lè padà sílé ní alẹ́. Àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀ ni ó pa á ní Amẹ́ríkà ní ọjọ́ 6 oṣù Kejìlá, ọdún 1961, ní ẹni ọdún 36. Àlgéríà ni a sin ín sí, ilé ìwòsàn Blida sì ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.

Ẹ̀yin olùtọ́jú ní Abidjan, ìtàn yìí kàn yín. Nínú rògbòdìyàn ọdún 2010 sí 2011, nǹkan bí 3,000 ènìyàn ni ó kú ní Côte d'Ivoire. Ìlú kan náà ni ẹni tí ń sọ̀rọ̀ àti ẹni tí ń gbọ́ jọ ń gbé. Fanon lè fipò sílẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí oorun bá dá lójú yín, bí ìtàn aláìsàn bá ń bá yín lálàá, tàbí tí ẹ bá ń sá fún un, ẹ má ṣe fi pamọ́: ọgbẹ́ iṣẹ́ ni, kì í ṣe ìwà ojo.

Kí àwọn òṣìṣẹ́ máa pàdé lóòrèkóòrè pẹ̀lú àgbà kan nínú iṣẹ́, kí wọ́n sọ ohun tí wọ́n gbọ́ láì dárúkọ aláìsàn. Kí ọ̀gá má ṣe di gbogbo ẹrù wíwúwo lé ẹnì kan lórí, kí ó sì ya ọjọ́ ìsinmi sọ́tọ̀. Igi kan kì í dá igbó ṣe.