Baden-Powell gba àmì ẹ̀yẹ ogun tí ìbọn ò dún níbẹ̀

Lọ́jọ́ Sátidé, mo rí àwọn ọmọ Boys Scout tí wọ́n ń yan lọ ní Ajuwọn. Mo bi ọ̀kan nínú wọn léèrè ẹni tó dá ẹgbẹ́ wọn sílẹ̀. Ó ní Baden-Powell ni. Ohun tó mọ̀ nípa ẹ̀ ò jù bẹ́ẹ̀ lọ.

London ni wọ́n ti bí Baden-Powell lọ́dún 1857. Lọ́dún 1876, ó di ọ̀gá nínú ọmọ ogun ẹlẹ́ṣin 13th Hussars ní Íńdíà. Nígbà tí ọdún 1895 ń parí lọ, wọ́n rán an wá sí Gánà, kó kó àwọn ọmọ ilẹ̀ náà jọ, kí wọ́n la ọ̀nà inú igbó fáwọn ọmọ ogun tó ń lọ sí Kumasi.

Ọba Prempeh ò bá wọn jà rárá. Síbẹ̀, wọ́n mú un ní January 1896, wọ́n gbé e lọ sí Sierra Leone, lẹ́yìn náà Seychelles. Baden-Powell gba ìràwọ̀ idẹ, Ashanti Star.

Ó di gbajúmọ̀ ní Mafeking, ó dá Boys Scout sílẹ̀ lọ́dún 1907, ó sì kú sí Kenya lọ́dún 1941. Prempeh ò padà délé títí di 1924.

Mi ò ní kọ́mọ yín má ṣe Boys Scout o. Ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ń sọ̀rọ̀ ìràwọ̀ yẹn, ẹ rántí ọba tó lo ọdún 28 nígbèkùn.